Bàtà Tó Wà Lẹ́nu Ọ̀nà: Sí Fèyí, Kí Ọjọ́bọ̀ Tó Dé

Fèyí mi, Àjíkẹ́ mi,

Ṣé ara le? Ṣé Abẹ́òkúta ò tíì sú ọ? Ìyá Rẹ̀mí, oníbàárà mi tó ń gbé ní Baruwa, ń kó sùtánà lọ fún àwọn ará ìjọ wọn lọ́hùn-ún lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Òun ni mo fi lẹ́tà yìí rán, kí ó lè tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́ kí Ọjọ́bọ̀ tó dé. Mo mọ̀ pé o máa bi mí pé kí ló dé tí n kò pè. Mo gbìyànjú. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti gbé fóònù sétí, gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ ló ń fọ́n ká, tí a ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ata àti iná tí wọn ò mú wá. Ìwọ náà lo sì sọ pé, "Màmá, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí n lè kà á lẹ́ẹ̀mejì." Mo ti kọ ọ́ báyìí. Fi ojú àánú wo gbólóhùn mi. Olùkọ́ wa ní kíláàsì Sátidé sọ pé tèmi máa ń gùn jù, pé mo máa ń sáré bíi ẹni tí wọ́n fẹ́ já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀.

Kí n tó sọ ohunkóhun, mo fẹ́ gba ọ̀rọ̀ kan padà. O pè mí lọ́jọ́ kan pẹ̀lú ẹkún, o ní ẹni tó ni ilé-ìwé yín gbé ìwé kan síwájú rẹ pé kí o fọwọ́ sí i. Pé kí o gbà pé ìwé ìtàn tó o fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ kà jẹ́ ìwé òkùnkùn, pé ó ti kó ẹ̀mí kan ran ọmọ kan, àti pé o tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn òbí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí o kó ẹrù rẹ ní Ọjọ́bọ̀, lọ́jọ́ ìpàdé àwọn òbí. N kò jẹ́ kí o sọ̀rọ̀ tán. Mo ní, "Fọwọ́ sí i jàre. Ṣé ìwé ló bí ọ ni? Ṣé o mọ bí iṣẹ́ ṣe wọ́n tó níta?" Lẹ́yìn náà ni o ní, "Màmá, ẹ kọ́kọ́ kà á ná."

Mo ti ka ìwé ìtàn tó o fi ránṣẹ́ sí mi, Fèyí. Mo kà á tán. Mo gba "fọwọ́ sí i" yẹn padà, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀ fún ọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò dá ara mi lójú. Ọdún kìíní ni mo ṣì wà ní yunifásítì, kíláàsì ọjọ́ Sátidé, àárín àwọn ọmọ tí mo lè bí. Ó ṣeé ṣe kí n ti ṣi ìwé náà kà. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe kà á nìyí.

Jẹ́ kí n sọ òótọ́ bí mo ṣe ṣí i. Nígbà tí mo rí ẹ̀yìn ìwé náà, omi dúdú pẹ̀lú bàtà funfun kan létí rẹ̀, ara mi bù máṣọ. O mọ ohun tí omi túmọ̀ sí fún àwa aláṣọ funfun. Mo gbé e sábẹ́ Bíbélì di ọjọ́ kejì. Mo ka Sáàmù lé e lórí. Bàbá rẹ ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀ lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ń wò mí.

"Ìyá Fèyí, ṣé ìwé lo fẹ́ kà ni àbí o fẹ́ sin ín?"

Mo ní, "Bàbá Fèyí, ẹ jẹ́ n fọkàn balẹ̀ ná."

Ó ní, "Ìwé ọmọdé. Tó bá bù ọ́ jẹ, pè mí, mo máa gbé òòlù wá."

O mọ̀ ọ́n, káfíńtà ni, òòlù ni ìdáhùn rẹ̀ sí gbogbo nǹkan. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì ṣí i. Ọ̀sán ni mo máa ń kà á, nígbà tí iná bá lọ tí àyọ́ọ̀nù ò ṣiṣẹ́, tí aṣọ tí mo rán tán ń dúró de iná kí n tó lọ̀ ọ́.

Mo máa sọ ìtàn náà ní ṣókí, kì í ṣe nítorí ìwọ tó ti kà á, ṣùgbọ́n kí o lè rí ohun tí mo rí. Àwọn ọmọ iléèwé gírámà mẹ́rin wà ní ìlú kan tí odò gba àárín rẹ̀ kọjá. Àgbà nínú wọn kò ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lọ. Wọ́n rí i pé tí àwọn bá bọ́ bàtà sétí omi, tí àwọn sì wọ inú rẹ̀ láìbẹ̀rù, àwọn á bọ́ sí ìlú mìíràn nísàlẹ̀. Níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń na ọmọ, kò sí ìdánwò, ẹni tí ń kólòlò nílé ń sọ̀rọ̀ geere. Ibi tí ẹ̀rù ti bà mí ni pé ìlú náà dùn lóòótọ́. N kò rò pé ẹni tó kọ ìwé á jẹ́ kí ó dùn tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlú náà ní ohun tí ó ń gbà. Kì í gba ẹ̀jẹ̀, kì í gba ẹ̀mí. Gbogbo ìgbà tí ọmọ kan bá lọ síbẹ̀, àwọn ará ilé rẹ̀ á gbàgbé nǹkan kan nípa rẹ̀. Ìyá Ṣíjú, ọmọbìnrin tí ìtàn náà dá lé, kọ́kọ́ gbàgbé pé ọmọ òun kì í jẹ ẹ̀wà. Lẹ́yìn náà ó gbàgbé ibi tó ń sùn. Lẹ́yìn náà ó gbàgbé orúkọ rẹ̀.

Nígbà tí mo dé ibẹ̀, mo pa ìwé dé, mo lọ gbé omi mu.

Ibi tó kàn ni mo fẹ́ kí gbogbo ìyá kà. Ìyá yìí ti gbàgbé pé òun bí ọmọbìnrin kankan. Ṣùgbọ́n bàtà kan wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, bàtà iléèwé, kì í ṣe èyí tí ọmọ náà bọ́ sétí omi. Kò mọ ẹni tó ni ín mọ́. Síbẹ̀, tí ó bá ti gbálẹ̀ tán láàárọ̀, á gbé bàtà náà, á nù ún, á dá a padà sí àyè rẹ̀. Àwọn aládùúgbò ní kí ó jù ú nù. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ó wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹnì kan ló bá mu." Bàtà yẹn ni Ṣíjú fi mọ ọ̀nà padà sílé. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà tí omi ń kán lára rẹ̀, ìyá rẹ̀ wò ó títí, ó ní, "Ta ni ọ́?" Kí ọmọ náà tó lè dáhùn, ó ní, "Ṣá wọlé ná. Oúnjẹ wà."

Níbẹ̀ ni ìwé parí. N kò lè ránṣọ mọ́ lọ́jọ́ náà.

Ó dára. Ìmọ̀ràn ló yẹ kí n máa fún ọ, mo sì ń sọ ìtàn. Jẹ́ kí n tò ó.

Àkọ́kọ́. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ ìránṣọ lọ́dọ̀ ọ̀gá mi ní Ìkọ̀tún, ìyá kan wá pé kí á rán sùtánà fún ọmọ òun. Ọmọ náà kò bá a wá. Ó fi ọwọ́ júwe gíga rẹ̀ lára ògiri, ó ní, "Kò ju báyìí lọ." Mo fẹ́ fi han ọ̀gá mi pé mo ti mọṣẹ́, mo gbé sísọ́ọ̀sì, mo gé e. Nígbà tí ọmọ náà dé, orúnkún ni aṣọ mọ. Ọ̀gá mi kò nà mí. Ó kàn gbé téèpù ìwọnṣọ sí mi lọ́rùn, ó ní, "Ẹnu ni wọ́n fi wọn ọmọ fún ọ, ìwọ náà gbà á." Ohun tí mo ṣe sí ọ lórí fóònù náà nìyẹn. Ẹnu ni wọ́n fi wọn ìwé náà fún mi. Nítorí náà, ní Ọjọ́bọ̀, má bínú sí àwọn òbí tí kò kà á. Èmi ìyá rẹ, tí mo ń pe ara mi ní akẹ́kọ̀ọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe. Fi pẹ̀lẹ́ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ka ẹyọ orí kan ṣoṣo, orí bàtà, kí wọ́n tó dájọ́. Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Èkejì. Má ṣe gbèjà gbogbo ìwé náà. Àwọn nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tí n kò fẹ́ràn, tí o bá sì ṣe bí ẹni tí kò rí wọn, wọn ò ní gbà ọ́ gbọ́ lórí èyí tó kù. Ogun tí wọ́n jà nísàlẹ̀ omi gùn jù; mo fo ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, n kò sì pàdánù ohunkóhun. Ọmọkùnrin kan àti ọmọbìnrin kan wà tí wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú títí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn sọ̀rọ̀ pé ó tó. Àwọn ọmọ náà ń fèsì fún àgbà bíi pé ẹgbẹ́ wọn ni. Wòlíì kan sì wà níbẹ̀, aláṣọ funfun bíi tèmi, tó so Ṣíjú mọ́lẹ̀ nínú ilé àdúrà tí kò fún un lóúnjẹ, pé ó lẹ́gbẹ́ nínú omi. Orí yẹn dùn mí gan-an. Mo kọ ọ́ sí etí ìwé náà pé, "Kì í ṣe gbogbo wa." Mo wo ohun tí mo kọ fún ìgbà pípẹ́. Òótọ́ ni pé kì í ṣe gbogbo wa. Òótọ́ sì ni pé mo ti rí irú rẹ̀ rí, ìwọ náà sì mọ ilé àdúrà tí mo ń sọ. Ẹni tó kọ ìwé yìí kò purọ́ mọ́ wa. Ó kàn jẹ́ pé ó mú ẹnì kan ṣoṣo nínú wa. Mo fẹ́ kí ó tún mú èkejì tó ń gbàdúrà tí kì í so ọmọ mọ́lẹ̀. Sọ fún wọn pé ìyá rẹ sọ bẹ́ẹ̀, pé ó dùn ún, síbẹ̀ kò ju ìwé náà nù.

Ẹ̀kẹta. Èyí ni mo ń bẹ̀rù láti kọ.

N kò tíì sọ fún ọ rí, bóyá nítorí pé kò sẹ́ni tó bi mí. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, mo lá àlá kan. Mo rí ọmọdé kan nínú sùtánà tó rìn wọ odò, odò náà kò rin ín. Ó yíjú padà, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi. Àlá náà dùn mọ́ mi, mo sì rọ́ ọ nínú ìjọ nígbà tí àyè rírọ́ àlá dé. Àgbà kan dìde, ó ní àlá yẹn kì í ṣe ti Ọlọ́run, pé ọkàn ara mi ló ń sọ̀rọ̀, pé bóyá mo fẹ́ kí wọ́n máa pè mí ní aríran. Wọ́n ní kí n kúnlẹ̀ kí n sọ níwájú gbogbo èèyàn pé mo hùmọ̀ rẹ̀ ni. Ìyá mi ń wò mí láti orí ìjókòó àwọn obìnrin, ó ń mi orí pé kí n sọ ọ́ kí ó tán. Mo kúnlẹ̀. Mo sọ ọ́. Ó tán lóòótọ́. Wọ́n dárí jì mí, wọ́n kọrin, a sì lọ sílé.

Láti ọjọ́ náà, n kò rọ́ àlá mọ́. Kì í ṣe pé n kò lá.

Òwe wa ní òótọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Mo ra àlàáfíà ọjọ́ kan, mo sì ń san án títí di òní. Ṣé o rántí pé o bi mí nígbà kan pé kí ló dé tí mo máa ń sọ pé "bóyá mo ṣi í gbọ́ ni" kí n tó sọ ohun tí mo gbọ́ ketekete? Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe ń jókòó ní kíláàsì. Mo máa ń mọ ìdáhùn, á gun ọ̀fun mi dé ẹnu, á sì padà. Àròkọ tí mo kọ́kọ́ kọ fún olùkọ́ wa, mo to ẹ̀kọ́ tí ìwé kọ́ wa sínú rẹ̀ lọ rẹrẹ, ìgbọràn, sùúrù, ìbẹ̀rù Ọlọ́run. Ó kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé, "Mo rí ìwé náà. Ẹ̀yin ńkọ́, Mà?"

N kò mọ ohun tí ó ní lọ́kàn títí di Sátidé tó kọjá. Ó ní kí á dìde lọ́kọ̀ọ̀kan kí á sọ̀rọ̀ lórí ìwé kan tí a kà. Ìwé tìrẹ ló wà nínú báàgì mi. Mo dì í mú láìfà á jáde. Kúnlé, ọmọkùnrin tó máa ń jókòó tì mí, tó máa ń bá mi wá nǹkan lórí fóònù, fi ẹnu sí mi létí.

"Mummy, ẹ má bẹ̀rù. Àwa tí ẹ ń wò yìí ò ka tiwa tán."

Mo ní, "Ṣé wọn ò ní fi mí rẹ́rìn-ín?"

Ó ní, "Wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi èmi náà rẹ́rìn-ín. A ò kú."

Mo dìde. N kò sọ ẹ̀kọ́ kankan. Mo sọ ti bàtà. Mo ní nínú ìjọ wa, ẹnu ọ̀nà ni a ń bọ́ bàtà sí, pé nígbà tí ọmọ mi wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tó ń sá jáde lójú ìsìn, n kì í wá ojú rẹ̀ láàárín èrò. Bàtà rẹ̀ ni mo máa ń wò. Tí sáńdà rẹ̀ aláwọ̀ ilẹ̀ bá ṣì wà níbẹ̀, ọkàn mi á balẹ̀. Tí kò bá sí níbẹ̀, n ó máa kọrin, ṣùgbọ́n n kì í mọ orin tí mo ń kọ. Ọmọkùnrin kan láti ẹ̀yìn béèrè pé, "Ṣé ìyá inú ìwé yẹn ti ya wèrè ni, tó ń nu bàtà ẹni tí kò mọ̀?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà dé, Fèyí, n kò sì kú. Mo ní, "Rárá. Orí rẹ̀ ló gbàgbé. Ọwọ́ rẹ̀ ń rántí."

Olùkọ́ wa kọ nǹkan kan sílẹ̀. Nígbà tí mo jókòó, Kúnlé ò wò mí. Ó ní, "Ìyá tèmi, tí mo bá wà nílé, wọn ò mọ̀ pé mo wà." Ó sọ ọ́ bíi àwàdà. Mo fún un ní èpà tó wà nínú báàgì mi.

Èyí ló mú mi padà sí ọ̀rọ̀ ọmọ tí wọ́n ń sọ pé ìwé kó ẹ̀mí ràn. O sọ fún mi lórí fóònù, mo sì sáré kọjá lórí rẹ̀. O ní ọmọ náà ka ìwé yìí tán, ó bá ìyá rẹ̀ níbi tó ti ń fọ abọ́, ó sì bi í pé, "Màmá, tí mo bá wọ omi, ṣé ẹ máa gbàgbé mi?" Ìyá náà ju abọ́ sílẹ̀, ó gbé ọmọ lọ sí ilé àdúrà, láti ibẹ̀ ló sì ti gba ilé-ìwé yín lọ.

N kò bá ìyá náà jà. Tó bá jẹ́ ìwọ lo bi mí bẹ́ẹ̀ nígbà tó o wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá, bóyá omi àdúrà ni n ó kọ́kọ́ dì mú. Ṣùgbọ́n wò ó, Àjíkẹ́. Ọmọ yẹn kò sọ pé òun fẹ́ wọ omi. Ìbéèrè ló béèrè. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnì kan á nu bàtà òun. Kò tíì sẹ́ni tó dá a lóhùn. Tí o bá fọwọ́ sí ìwé àforíjì yẹn, ìdáhùn tí ó máa gbọ́ ni pé ẹ̀mí òkùnkùn ló ń béèrè, pé kì í ṣe òun. Ó máa gbà á gbọ́, nítorí pé olùkọ́ tó fẹ́ràn ló kọ ọ́. Á sì dẹ́kun ìbéèrè. Kì í ṣe pé kò ní máa rò ó. Mo mọ ohun tí mò ń sọ.

Nítorí náà, má fọwọ́ sí i. Mo kọ ọ́ báyìí, ẹ̀rù sì ń bà mí bíi ti Sátidé, nítorí mo mọ̀ pé o lè pàdánù iṣẹ́ tó o fi ọjọ́ pípẹ́ wá. Mo gbàdúrà lé e kí n tó kọ ọ́. Má fọwọ́ sí i.

Ṣùgbọ́n má lọ síbẹ̀ pẹ̀lú orí kunkun. N kò mọ iye tí mo kà dé mọ́, jẹ́ kí á pe èyí ní ẹ̀kẹrin. Ohun kan wà tó o ṣe tí kò dára, o sì mọ̀ ọ́n. O fún ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé tó ní irú wòlíì yẹn nínú, o kò sì sọ fún àwọn òbí wọn. Ìyẹn ni kí o bẹ̀bẹ̀ fún, kí o sì bẹ̀ ẹ́ dáadáa, kí orúnkún kanlẹ̀. Má jẹ́ kí Ọjọ́bọ̀ jẹ́ ọjọ́ tí ìwọ àti ìyá ọmọ náà máa kọ́kọ́ rí ojú ara yín. Wá àgbà kan nínú àwọn olùkọ́ yín, kí ó mú ọ lọ sílé wọn ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú. Má mú ìwé lọ́wọ́ lọ. Sọ pé, "Ẹ má bínú, Mà, ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ fún yín." Dúró kí ó sọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Tí ó bá bú mi pé irú ọmọ wo ni mo bí, gbà á fún mi. Tí ó bá sọ̀rọ̀ tán, kí o wá sọ ẹyọ kan: "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a lóhùn. Ohun tó fẹ́ gbọ́ ni pé ẹ ò ní gbàgbé òun." Kí o sì dákẹ́. Má ṣe àlàyé. Ìwọ àti àlàyé.

Nǹkan kan kù, nípa àwọn ọmọ tó ò ń kọ́. O mọ̀ bí mo ṣe ń rán sùtánà ọmọ tó ń dàgbà: mo máa ń ṣẹ́ etí rẹ̀ sínú lẹ́ẹ̀mẹta, kí ó lè jẹ́ pé bó ṣe ń ga ni n ó máa tú ìlà kan sílẹ̀. Tìrẹ ṣì wà nínú àpótí mi. Gbogbo ojú ìránṣọ àtijọ́ ló hàn nísàlẹ̀ rẹ̀, ó dà bí ìlà tí omi fi sílẹ̀ lára ògiri. Àwọn oníbàárà kan máa ń ní kí n má fi àyè sílẹ̀, pé aṣọ máa wúwo lẹ́sẹ̀ ọmọ. Òótọ́ ni, ó máa ń wúwo díẹ̀. Irú ìwé yìí wúwo díẹ̀ fún àwọn ọmọ yín. Tú u fún wọn ní ìlà kọ̀ọ̀kan, kí o sì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń kà á. Ibi tí ìwọ ti ṣàṣìṣe kò ju pé o tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí o sì lọ jókòó.

Ó ṣeé ṣe kí n ti sọ àsọjù. Bàbá rẹ ka ojú ewé méjì nínú lẹ́tà yìí, ó bi mí pé, "Tí wọ́n bá wá lé ọmọ wa ńkọ́?" Ó gbé ìwé ìtàn náà kúrò lórí máṣíìnì, ó ṣí i láti ìparí bó ṣe máa ń ṣe, ó ka ti ìyá tó ní "ṣá wọlé ná." Ó dá a padà síbi tó ti mú un. Ó ní, "Yàrá rẹ̀ ṣì wà. Ilẹ̀kùn yẹn ń dún, mo máa fá a lábẹ́ lọ́la." Ìdáhùn rẹ̀ nìyẹn.

Tèmi ni pé mo ń bọ̀. Mo ti bá Ìyá Rẹ̀mí sọ ọ́. Á dúró sọ́hùn-ún di ọjọ́ Ẹtì, àwa méjèèjì la ó sì jọ padà. N ó dé ọ̀dọ̀ rẹ ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Sùtánà mi ni n ó wọ̀, láìwọ bàtà, kí ìyá ọmọ náà lè rí i pé ọ̀kan nínú àwọn tí ìwé náà bú ló dúró níbẹ̀. N kò wá láti bá ọ ja ìjà rẹ. Tí wọn ò bá bi mí, n kò ní sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá béèrè ta ni mí, mo máa sọ pé ìyá tíṣà ni mí, mo wà ní ọdún kìíní, mo sì ka ìwé náà tán. N kò ní sọ pé bóyá mo ṣi í kà.

Jẹun kí o tó lọ. Má fi ẹkún wọ ibẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹkún ni, bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Kí Ọlọ́run bàbá rẹ àti Ọlọ́run tèmi, tó jẹ́ ẹyọ kan náà, lọ ṣíwájú rẹ.

Sáńdà rẹ aláwọ̀ ilẹ̀ tó o fi sílẹ̀ nígbà tó ò ń lọ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà níbí. Láti ìgbà tó o ti lọ ni bàbá rẹ ti ń kọsẹ̀ lára rẹ̀ tó ń ní kí n gbé e kúrò. Mo nù ún láàárọ̀ yìí kí n tó jókòó kọ̀wé. Mo mọ ẹni tó ni ín.

Èmi ni,
Ìyá rẹ, ní Ìdímù.